Ọ̀rá Ẹtà Fẹ̀hìntolúwa

Ẹ̀yin ará Ọ̀sí, ẹ̀yin ará Ìlọ́fà, ẹ̀yin oníbàárà mi tí ẹ wà ní Ìlọrin, imú tí ẹ ń yìn láti ọjọ́ yìí wá ti parọ́ fún yín, ẹnu mi yìí náà ni yóò sì tú u síta. Ẹ má wá ẹni tí ó fi ipá mú mi. Kò sí pásítọ̀ tí ó halẹ̀ mọ́ mi, kò sí ọlọ́pàá lẹ́nu ọ̀nà mi. Ẹ ṣáà mọ̀ mí. Èmi Àtinúkẹ́ ni, Ìyá Favour, ẹni tí ó dúró lójú ọjà Ọ̀sí tí ó sọ fún agbowó-orí káńsù pé bàbá tí ó bí i kò bá mi pàtẹ. Mo ti bá alàgbà ìjọ jà níwájú pẹpẹ. Mo ti bá ọkọ mi fa ọ̀rọ̀ títí ó fi kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Ìbàdàn. Mi ò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni rí, mo sì máa ń fi í yangàn. Àṣé ẹni tí kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni lè parọ́ bí ẹni ń mu omi, nítorí kò sí ẹni tí yóò dá a lẹ́kun. Gbogbo ayé ni mo ń sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ sí lójú. Ọkùnrin kan ṣoṣo tí ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, tí ó fẹ́ gbọ́ òótọ́ lẹ́nu mi, irọ́ ni mo fún un, ó sì gbé irọ́ náà wọ sàréè.

Kókó kan ti hù sínú imú mi. Àwọn dókítà ní Ìlọrin ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n fi èdè pẹ̀lẹ́ sọ ọ́ fún mi, mo sì sọ fún wọn pé kí wọ́n má fi ọ̀rọ̀ wé ewé fún mi, ṣé mò ń kú ni àbí mi ò kú. Wọ́n wolẹ̀. Mo ti gbọ́. Imú náà ti kú ṣáájú mi. Ẹ tú kẹrosíìnì sí abẹ́ rẹ̀ báyìí, kò mọ̀. Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ sọ, mo ní láti sọ ọ́ nígbà tí ẹnu ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé iṣẹ́ náà, kí ẹ lè mọ bí mo ṣe fi pa ènìyàn. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Kò sí ẹni tí ó kọ́ mi ní lọ́fínńdà pípò. Àwọn aláṣọ funfun ni mo ń tà á fún níbẹ̀rẹ̀, ìgò wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń gbàdúrà. Nígbà tí ó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìgò wò, mò ń gbóòórùn rẹ̀, mò ń bi ara mi pé kí ni wọ́n pò mọ́ kí ni. Mo ba ọjà jẹ́. Mo jó ihò imú mi títí ẹ̀jẹ̀ fi ń jáde. Ṣùgbọ́n ó di pé bí ẹ bá gbé epo pupa síwájú mi, màá sọ bóyá Odò-Ọwá ni wọ́n ti fún un tàbí Ìsọlọ̀-Ọ̀pìn, màá sì sọ bóyá ẹni tí ó fún un sùn lọ lórí iná. Àwọn ènìyàn ní kí n wá gbóòórùn òrí fún àwọn kí àwọn tó rà á, kí n wá gbóòórùn oyin. Bí mo bá ní ó dára, ó dára. Bí mo bá mi orí, olúwarẹ̀ á gbé igbá rẹ̀ kúrò. Ọlá yẹn dùn mọ́ mi lẹ́nu ju ẹran lọ.

Nínú gbogbo ohun tí a fi ń po lọ́fínńdà, kò sí èyí tí ó ṣòro dá lẹ́jọ́ bí ọ̀rá ẹtà. Ẹ mọ ẹtà, ẹran alámì tótòtó tí ń kó yín ládìyẹ lọ. Àpò kékeré kan wà lábẹ́ ìrù rẹ̀, ọ̀rá ń ṣe níbẹ̀, òun ni ó máa ń fi nu igi kí àwọn ẹtà yòókù lè mọ̀ pé òun kọjá. Bí ẹ bá gbóòórùn ọ̀rá náà bí ó ṣe wà, ṣáláńgá tí òjò rọ̀ sí sàn jù ú lọ. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò bì. Ṣùgbọ́n ẹ mú u ní ìwọ̀n orí abẹ́rẹ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú òróró tí kò ní òórùn tirẹ̀, ẹ gbé e sí ibi òkùnkùn kí oṣù lé, kí ó tún wọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ fi òwú tọ́ ọ, ẹ fi kan ọrùn ọwọ́ yín, ẹ lọ gúnyán, ẹ lọ fọ̀ṣọ, kí ẹ tó padà wá gbé ọwọ́ náà sí imú. Ohun tí ó ń rùn ti lọ. Ohun tí ó kù dà bí ọrùn ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun, bí oyin tí ó ṣì wà nínú igi, bí awọ Bíbélì tí ọwọ́ ìyá ẹni ti ń dì mú láti ìgbà èwe rẹ̀. Ohunkóhun tí ẹ bá sì pò mọ́ ọn kò ní í kúrò lára aṣọ. Ìdí nìyí tí òfin iṣẹ́ wa fi sọ pé a kì í ṣí ọ̀rá ẹtà ní tútù, tí a kò tíì fi òróró là á, síwájú èrò, a kì í sì í dá a lẹ́jọ́ nínú ooru. Kí a fún un ní àyè ná. Mo mọ òfin náà. Èmi gan-an ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi.

Alhaja Misturah ní Ìlọrin ni oníbàárà mi tí ó tóbi jù. Òun ni ó ń po lọ́fínńdà fún àwọn ìyàwó tuntun lọ́hùn-ún, ó sì gbẹ́kẹ̀ lé mi bí ẹni gbẹ́kẹ̀ lé ojú ara rẹ̀. Ọ̀rá ẹtà ni ó ń rà lọ́wọ́ mi. Ọ̀rá ẹtà wo? Òrí tí ó ti pẹ́ ni, mo pò ó mọ́ ọ̀rá ewúrẹ́, mo wá fi ojúlówó díẹ̀ tí mo rí gbà lọ́wọ́ ọdẹ sí i, bí ẹni fi iyọ̀ sọ́bẹ̀. Alhaja kò tíì gbóòórùn ògidì rẹ̀ rí láyé. Tèmi ni ó mọ̀, tèmi ni ó fi ń wọn ti ẹlòmíràn. Bí ẹlòmíràn bá gbé ògidì wá bá a, á ní kò jọ ti Ìyá Favour. Ẹ wo ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ tí mo fi ń jẹun.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà tí Fẹ̀hìntolúwa ará Ìlọ́fà fi dé. Àgbẹ̀ ni, alàgbà ní ìjọ àwọn ajíhìnrere, ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ti fọ́nká sí ìlú ńlá, ó wá ku Ṣèyítán, àbíkẹ́yìn rẹ̀ obìnrin, tí ó jáde ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ tí kò ríṣẹ́. Ọkùnrin pẹ̀lẹ́ ni. Bí ó bá ń sọ̀rọ̀, ẹ óò ní láti sún mọ́ ọn. Pàkúté rẹ̀ mú ẹtà kan nínú oko kókò. Ẹlòmíràn ì bá ti sun ún jẹ, ṣùgbọ́n ó rí i pé ó lóyún, ó ní òun ò lè ṣe é. Ó fi ọparun àti wáyà kọ́ ilé fún un lẹ́yìnkùlé, ó ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí ó pọ́n bọ́ ọ, ó ń wá eku fún un. Ẹran náà bí ọmọ síbẹ̀. Àárọ̀ kọ̀ọ̀kan ni ìyá ẹtà náà ń fìdí nu òpó kan ṣoṣo, Fẹ̀hìntolúwa a sì máa fi ṣíbí ọparun ha á sílẹ̀, nítorí ó ṣàkíyèsí pé bí òpó náà bá gbẹ, òórùn rẹ̀ a máa yí padà sí nǹkan mìíràn. Ṣèyítán ni ó rí i lórí fóònù pé àwọn kan ń wá irú rẹ̀, òun náà ni ó sì kọ̀wé sí Alhaja Misturah. Alhaja ní òun ń bọ̀ wá wò ó, ṣùgbọ́n Ìyá Favour gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ohun tí imú Ìyá Favour bá gbà ni òun gbà.

Kí ọjọ́ náà tó pé, Ṣèyítán ti pọ́n díẹ̀ nínú ewé eéran wá fún mi, pé bàbá òun ní kí n bá àwọn tọ́ ọ wò. Mo ṣe é bí ó ti yẹ. Mo tẹ̀ ẹ́ sínú òróró, mo gbé e pamọ́, mo dúró. Lọ́jọ́ tí mo fi kan ọwọ́, mo gbàgbé rẹ̀, mò ń ṣa ẹ̀wà, mo gbé ọwọ́ sókè láti nu òógùn ojú, mo sì gbé ẹ̀wà sílẹ̀. Mo jókòó. Omi bọ́ lójú mi. Ìyá mi ti kú tipẹ́, ó dà bíi pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mi sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni. Gbogbo ọjọ́ ayé mi, mi ò gbóòórùn ohun tí ó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù bà mí, èmi tí mo ní mi ò bẹ̀rù. Bí Alhaja bá gbóòórùn èyí, á mọ ohun tí mo ti ń tà fún un. Á mọ̀ pé òrí ni.

Fẹ̀hìntolúwa fúnra rẹ̀ gbọ̀nà wá sí Ọ̀sí, ó gbé iṣu dání. Ó dàgbà jù mí lọ, síbẹ̀ ó ń pè mí ní ẹ̀yin. Ó ní, “Ìyá Favour, ẹran ni mo mọ̀, mi ò mọ òórùn. Báwo ni kí n ṣe gbé e kalẹ̀ lọ́jọ́ tí Alhaja bá dé?” Ó sọ fún mi pé ilé òun ti dákẹ́ jù, pé bí nǹkan yìí bá yọrí, Ṣèyítán á dúró nílé, àwọn á jọ máa ṣe é. Bí kò bá yọrí, ọmọ náà ti ní òun ń bá ọ̀rẹ́ òun lọ sí Èkó. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní òun ò fẹ́ máa dá àdúrà àárọ̀ gbà, pé kò sí ẹni tí yóò ṣe àmín.

Ẹ gbọ́ ìmọ̀ràn tí mo fún un. Mo ní, “Bàbá Ṣèyítán, ẹ kó gbogbo rẹ̀ jọ sínú agolo kan, ẹ dé e pa, ẹ gbé e sí oòrùn láti àárọ̀ ọjọ́ náà kí ó lè rọ̀. Ẹ má ṣí i títí n ó fi dé. Kí ẹ sì pe pásítọ̀ yín, ẹ pe àwọn ará ilé, kí wọ́n wá wo ohun tí Olúwa ṣe.” Ó ṣí fìlà fún mi. Ó ní Ọlọ́run yóò san án fún mi. Ó ti san án o.

Oòrùn ọjọ́ náà kò ṣeé fẹnu sọ, òjò àkọ́rọ̀ kò tíì rọ̀. Abẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé rẹ̀ ni wọ́n to àga sí. Pásítọ̀ wà níbẹ̀, àwọn ìyá ìjọ wé gèlè, àwọn aládùúgbò tí wọ́n ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń sin ẹran ìgbẹ́ bí ẹni ń sin ọmọ náà wá. Alhaja Misturah ti Ìlọrin dé, ó ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀. Fẹ̀hìntolúwa wọ agbádá ìgbéyàwó rẹ̀ tí ó ti kéré sí i lára, ó gbé agolo náà jáde láti inú oòrùn bí ẹni gbé ohun mímọ́. Ó gbé e fún mi lọ́wọ́ méjèèjì. Ó gbóná. Mo fi ìṣó ṣí ìdérí rẹ̀, ní àárín gbogbo wọn.

Ìyá arúgbó kan bì sí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Àwọn ọmọdé sá lọ. Pásítọ̀ fi Bíbélì bo imú. Ọ̀kan nínú àwọn aládùúgbò ní, “Bàbá Ṣèyítán, ṣé ṣáláńgá yín ló kún tí ẹ wá ń rọ ọ́ sí agolo?” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Alhaja gbé ojú sí mi, ó ní, “Ìyá Favour, kí ni imú yín wí?”

Ẹ tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa. Mi ò parọ́. Títí di òní, kò sí ẹni tí ó lè jáde wá pé mo ní ọ̀rá náà kò dára. Mo kàn fi etí gèlè bo imú ni, mo yí ojú sápá kan, mo mi orí. Ohun tí mo ṣe ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Irọ́ tí ó burú jù lọ kì í ní ọ̀rọ̀ nínú. Fẹ̀hìntolúwa ń wò mí bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ gbé sọnù lọ́jà. Ó ní, “Ìyá Favour, ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ pé...” Mo ní kí ó jẹ́ kí a bo nǹkan náà ná. Ṣèyítán dìde, ó ní òun kà á lórí fóònù pé wọ́n máa ń là á pẹ̀lú òróró ni, pé wọ́n máa ń jẹ́ kí ó sinmi, pé kí Alhaja jọ̀ọ́ mú díẹ̀ lọ sílé. Òótọ́ ni ọmọ náà ń sọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan òótọ́ náà ni ó sì ń gún mi. Mo bá já a lẹ́nu. Mo ní, “Ọmọ mi, fóònù ò ní imú.” Gbogbo wọn tún rẹ́rìn-ín. Ẹnu mi ti pa mí lẹ́rìn-ín púpọ̀ láyé yìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn, bí mo bá rántí rẹ̀ báyìí, ó ń ṣe mí bíi kí n gé ahọ́n.

Alhaja wọkọ̀ padà. Mo ní n óò bá Fẹ̀hìntolúwa gbé agolo náà lọ sin sígbó, kí òórùn rẹ̀ má baà ba àdúgbò jẹ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Issa ọlọ́kadà ni ó gbé mi wá, òun náà ni ó gbé mi padà. Nígbà tí a kọjá igbó kìíní, tí a kọjá ìkejì, tí mi ò ní kí ó dúró, ó ní, “Màmá, ohun tí ẹ ní ẹ fẹ́ lọ sin, ẹ so ó mọ́ àyà bí ọmọ tuntun.” Mo ní kí ó gbájú mọ́ ọ̀nà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò rí nǹkan kan, ọ̀nà tí ó ní kòtò tó báyìí kì í jẹ́ kí èèyàn ríran. Bí a ṣe ṣe é nìyẹn. Agolo náà sùn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.

Orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé ọkùnrin náà. Bàbá Oníṣáláńgá. Àwọn ọmọ iléèwé ni ó kọ́kọ́ dá a, àwọn àgbà wá gbà á lẹ́nu wọn. Bí ó bá kọjá, wọn a fọwọ́ kan imú, wọn a ní eré ni. Ọ̀rọ̀ náà wọ inú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀, á wẹ̀ láàárọ̀, á wẹ̀ lọ́sàn-án, á fi kànìnkànìn ha ara títí á fi bó. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó kúrò ní àga àwọn alàgbà, ó bọ́ sí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Láìpẹ́ ó kúrò lórí bẹ́ǹṣì, ó ń dúró níta lábẹ́ fèrèsé, ibẹ̀ ni ó ti ń kọ orin. Wọ́n ní ẹ máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ tí ó ń wọlé láti ìta, ṣùgbọ́n òun kì í wọlé. Ó ṣílẹ̀kùn fún àwọn ẹtà rẹ̀. Àwọn ọmọ lọ. Ìyá wọn padà wá ní ìdájí ọjọ́ kejì, ó ń fìdí nu òpó rẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe, ajá àdúgbò sì pa á mọ́ ìdí òpó náà. Ṣèyítán di ẹrù, ó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sí Èkó. Àdúrà àárọ̀ kò ní àmín mọ́.

Èmi ńkọ́? Mò ń là á. Mò ń mú ọ̀rá Fẹ̀hìntolúwa ní ìwọ̀n orí abẹ́rẹ́, mò ń fún un ní àyè tí mo fi du olówó rẹ̀. Mo pò ó mọ́ òdòdó, mo sọ ọ́ ní Àyànfẹ́. Kò sí ìyàwó tuntun láti Ọ̀sí dé Ìlọrin tí kò bèèrè rẹ̀. Alhaja Misturah fúnra rẹ̀ gbé e sí imú, ó dijú, ó ní, “Ìyá Favour, níbo lẹ ti rí èyí?” Mo ní àṣírí iṣẹ́ ni. Gbogbo ìyìn tí ẹ yìn mí lórí Àyànfẹ́, ẹ gbà á padà lọ́wọ́ mi. Ti ọkùnrin tí ó dúró lábẹ́ fèrèsé ni.

Ẹ̀ṣẹ̀ tí mo ti kà yìí, ọmọdé ni wọ́n níwájú èyí tí mo fẹ́ sọ.

Ọjọ́ kan, Fẹ̀hìntolúwa wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó wọ ẹ̀wù funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Kò wọlé. Ó dúró ní ìta, ó jìnnà sí ẹnu ọ̀nà, ó ká fìlà mọ́wọ́. Ó rù. Ó ní, “Ìyá Favour, ẹ dákun, ẹ̀yin limú yín mọ̀ ọ́n jù. Àwọn ará ilé mi ní rárá, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé àánú ni wọ́n ń ṣe mí. Ẹ̀yin kì í wojú ẹnikẹ́ni. Ṣé mo ṣì ń rùn?”

Mo gbóòórùn rẹ̀. Kí Ọlọ́run gbọ́, mo gbóòórùn rẹ̀ dáadáa. Ọṣẹ dúdú ni. Èéfín àgbàdo sísun. Aṣọ tí wọ́n sá sí oòrùn. Àgbàlagbà tí kò purọ́ jẹ rí, òórùn rẹ̀ ni. Kò sí ẹ̀tàn kankan lára rẹ̀. Bí mo bá sọ pé rárá, Bàbá Ṣèyítán, ẹ ò rùn, á wọlé, á jókòó, á fẹ́ dúpẹ́. Àyànfẹ́ sì wà ní ṣíṣí lórí tábìlì lẹ́yìn mi, òun tí ó ń ha òpó yẹn láràárọ̀ á gbóòórùn rẹ̀, á mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ohùn ọmọ rẹ̀. Mo rò ó. Ẹ má sọ pé ó ṣèèṣì. Mo rò ó dáadáa, mo sì wí pé, “Díẹ̀ ni, bàbá. Díẹ̀ ló kù.”

Ó tẹrí ba. Ó ní, “Ẹ ṣeun. Ẹ̀yin nìkan lẹ sọ òótọ́ fún mi.” Ó tún rìn sẹ́yìn kí ó tó dọ̀bálẹ̀ kí mi, kí òórùn tí kò ní má baà kàn mí lára. Ó lọ. Èmi tí mo lẹ́nu tó báyìí, tí mo lè fi ọ̀rọ̀ dá ọkọ̀ dúró, mi ò lè pe ẹni kan padà.

Ó kó lọ sí abà oko rẹ̀ lọ́sẹ̀ náà. Kò bá ẹnikẹ́ni jókòó mọ́. Nígbà òjò, ọ̀nà oko yẹn kì í ṣeé rìn, kò sì sí ẹni tí ó ń dé ibẹ̀ àfi ẹni tí ó bá ṣìnà. Ibà ni wọ́n ní ó pa á. Òun nìkan ni ó wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa rí i, ó ti pẹ́ díẹ̀. Ìyàwó pásítọ̀ ránṣẹ́ sí mi pé kí n gbé lọ́fínńdà wá, èyí tí òórùn rẹ̀ kò ní tètè lọ, kí wọ́n lè gbé e wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Èyí tí òórùn rẹ̀ kì í lọ, ẹ mọ èyí tí ó jẹ́. Ọwọ́ mi ni mo fi pa á lára. Mo pa á ní iwájú orí, mo pa á láyà, mo pa á ní ọwọ́ tí ó fi gbé agolo fún mi. Wọ́n gbé e wọlé, ó tún wà ní iwájú, níbi àga àwọn alàgbà.

Ṣèyítán dé láti Èkó, ó tẹ̀ ba bàbá rẹ̀. Ẹkún tí ó ń sun dúró. Ó tún tẹ̀ ba, ó fa èémí. Ó gbójú sókè, ó ń wá mi láàárín àwọn ènìyàn. Ó ní, “Màmá, kí lẹ fi pa bàbá mi lára? Òórùn yìí ló máa ń gbé wọ yàrá mi láàárọ̀, tó bá ti ilé ẹtà bọ̀, tó bá wá jí mi.”

Mo ní, “Dùbáì ni wọ́n ti kó o wá, ọmọ mi.”

Ó kàn ń wò mí. Láti ọjọ́ náà, ojú yẹn kò kúrò lójú mi.

Àìsàn tí ó jẹ imú mi yìí ti di egbò, egbò náà sì ń rùn. Èmi ò gbọ́ ọ, ẹlòmíràn ni ó ń gbọ́ ọ fún mi. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹni tí ó jókòó tì mí máa ń rántí pé òun gbàgbé nǹkan sílé. Lánàá, nígbà tí Favour ọmọ mi ń pààrọ̀ òwú tí ó wà níbẹ̀, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní, “Favour, sọ òótọ́ fún mi. Ṣé mò ń rùn?” Ó ní, “Rárá, màmá. Ẹ ò rùn rárá.” Ó rọra jáde. Mo rí i nínú dígí tí ó wà lára ògiri, ó gbé ojú sí fèrèsé, ó ń fa atẹ́gùn sínú bí ẹni tí ó yọ nínú odò. Ọmọ mi parọ́ fún mi nítorí ìfẹ́. Ẹ wá wo èmi: òótọ́ lásán ni wọ́n ní kí n sọ, òótọ́ tí kò ní í ná mi ní nǹkan kan ju ojú títì lọ, mo fi du Bàbá Ṣèyítán.

Alhaja, ẹ dárí jì mí. Òrí ni mo tà fún yín. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ mi, ẹ máa rántí pé ohun tí ẹ bá ṣí ní tútù síwájú èrò, ẹ ti dá a lẹ́jọ́ kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn náà rí. Ẹ fún un ní àyè kí ẹ tó bo imú. Bí Ọlọ́run bá fún yín ní imú, tàbí ojú, tàbí ẹnu tí gbogbo ayé gbẹ́kẹ̀ lé, ẹ bẹ̀rù rẹ̀. Èmi ò bẹ̀rù tèmi.

Ṣèyítán, agolo bàbá rẹ ṣì wà lọ́wọ́ Favour. Ó kù síbẹ̀ díẹ̀. Mo ti ní kí ó gbé e wá fún ọ ní Èkó, Àyànfẹ́ pẹ̀lú, àti bí a ṣe ń là á. Mi ò ní kí o dárí jì mí kíákíá. Là á, gbé e sí òkùnkùn, dúró kí ó sinmi, bóyá nígbà náà ohun tí ó ń rùn nínú ọ̀rọ̀ mi yóò ti lọ díẹ̀. Bí kò bá sì lọ, mo gbà. Ẹ̀yin ará ìjọ Ìlọ́fà ni mo bẹ̀ pé kí ẹ ka ìwé yìí sókè lọ́jọ́ Ìsinmi, kí ẹni tí yóò kà á dúró lábẹ́ fèrèsé níta kí ó tó wọlé wá parí rẹ̀ ní iwájú. Alhaja bi mí ní ìbéèrè lábẹ́ máńgòrò, mi ò dá a lóhùn. Bàbá Ṣèyítán bi mí ní ìbéèrè lẹ́nu ọ̀nà mi, mo ṣì í lóhùn. Ìdáhùn mi nìyí, kí n tó lọ bá a: ọ̀rá náà dára, kò sí irú rẹ̀. Ẹni tí ó ni ín kò rùn. Kò rùn rí.